Ibo ni ká darí àgbàrá ìlú sí? Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún, láti páìpù omi ẹ̀gbin dé omi àtúnlò

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ìlú tí kò bá fẹ́ gbà fún un ní láti wá ibi tí yóò darí rẹ̀ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní kí wọ́n jẹ́ kó gba inú páìpù omi ẹ̀gbin lọ sí ibùdó ìtọ́jú, ó ṣe tán, owó ibùdó náà ti jáde tipẹ́. Àwọn mìíràn á ní àṣedànù ni, pé omi tí èèyàn lè fi bomi rin ọgbà ni wọ́n fẹ́ lọ dà mọ́ ìgbẹ́. Apá méjèèjì ló jàre, nítorí kì í ṣe omi kan náà ni wọ́n ń sọ.

Omi méjì ló ń gba inú gọ́tà kọjá. Èkíní ni omi ọjọ́ tí òjò ò rọ̀: omi tí wọ́n fi fọ mọ́tò, omi tó ṣàn kúrò lórí koríko tí wọ́n bomi rin jù, omi páìpù tó ń jò, omi tí wọ́n fi fọ iwájú ilé ìtajà. Ó kéré, kì í dá, ó sì dọ̀tí gan-an. Èkejì ni omi òjò fúnra rẹ̀. Ó máa ń ya dé lójijì, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló máa ń dọ̀tí jù nítorí pé òun ló fọ títì, bó bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ló ń mọ́ sí i. Láàárín wákàtí mélòó kan ó ti parí. Ọ̀nà tó bá èkíní mu kì í sábà bá èkejì mu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń ṣìnà: wọ́n á ṣe ètò fún ọ̀kan, wọ́n á wá máa retí kó gba èkejì.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ jẹ́ ká fi àdúgbò kan ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀. Hẹ́kítà 10 ni, ilé àti títì ló gba ibẹ̀ kan, tó fi jẹ́ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún òjò tó bá rọ̀ níbẹ̀ ló ń di àgbàrá. Èèyàn 2,000 ló ń gbé ibẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo líta 150 omi lóòjọ́.

Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ mítà onígun mẹ́rin kan, líta 1 ni. Bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sí àdúgbò yìí, mílíọ̀nù 2 líta ló bọ́ sílẹ̀, mílíọ̀nù 1.6 nínú rẹ̀ ló sì máa wọ gọ́tà. Omi ẹ̀gbin tí gbogbo ará àdúgbò náà ń tú jáde lóòjọ́ kò ju 300,000 líta lọ. Òjò kan ṣoṣo, tí kò tilẹ̀ le, ti ju omi ẹ̀gbin ọjọ́ márùn-ún lọ. Síbẹ̀, iye omi kọ́ ló le jù, ìyára rẹ̀ ni. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà 40 ní wákàtí kan, nǹkan bí líta 890 ló ń gba ẹnu gọ́tà náà jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Omi ẹ̀gbin àdúgbò náà, tí a bá pín in kárí ọjọ́, kò ju líta 3.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìlọ́po 250 nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun máa ti irú omi bẹ́ẹ̀ bọnú páìpù omi ẹ̀gbin láìkọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ síbì kan, kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ìbéèrè márùn-ún ni a ó bi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Èkíní, àyè mélòó ló kù ní ibùdó ìtọ́jú? Oríṣi àyè méjì ló wà níbẹ̀: iye omi tó lè gba inú rẹ̀ kọjá, àti iye ìdọ̀tí tí ó lè jẹ. Ibùdó kan lè ní àyè fún ìdọ̀tí kó má ní fún omi. Èkejì, ta ló máa lo omi náà, nígbà wo? Àsìkò tí òjò ń rọ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í bomi rin ọgbà. Ẹ̀kẹta, irú ilẹ̀ wo ni, ṣé iyanrìn ni àbí amọ̀, báwo sì ni omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe jìn tó? Ẹ̀kẹrin, ta ló máa fọ asẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nígbà tí àwọn tó wá ṣí i ti lọ? Ẹ̀karùn-ún, tó bá bàjẹ́ ní òru, ibo ni omi máa gbà? Ní tiwa, ìbéèrè karùn-ún yìí ló wúwo jù, òun náà sì ni wọn kì í sábà kọ sínú ìwé ètò.

Páìpù kan fún gbogbo rẹ̀

Ọ̀nà àtijọ́ nìyí. London àti Chicago ṣì ń lò ó ní apá ibi tó pọ̀: omi ilé ìwẹ̀, omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti àgbàrá títì, inú páìpù kan náà ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí òjò bá kéré, ó sàn ju bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ lọ, nítorí pé gbogbo ìdọ̀tí títì ló ń dé ibùdó ìtọ́jú. Bí òjò bá wá le, páìpù á kún, omi á sì gba ojú ihò tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sínú odò, tòun ti ìgbẹ́ inú rẹ̀.

Ní ibùdó ìtọ́jú, wàhálà mìíràn ń bẹ. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìdọ̀tí ni gbogbo ọrọ̀ ibẹ̀. Nínú táǹkì ìkẹyìn, wọ́n gbọ́dọ̀ rì sísàlẹ̀ kí wọ́n lè dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí omi bá sáré jù, wọn ò ráyè rì, wọ́n á bá omi jáde. Kí wọ́n tó pọ̀ padà, ó lè gba ọjọ́ púpọ̀, ó tiẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, omi tí kò mọ́ tó ni ibùdó á máa tú sílẹ̀, bí oòrùn tilẹ̀ ti ń ràn. Iyanrìn títì náà ò ní jẹ́ kí abẹ pọ́ǹpù pẹ́.

Ìlú tó ti ní irú páìpù yìí kò lè hú u jáde lọ́jọ́ kan. Ìlú tó fẹ́ kọ́ tuntun kò ní ìdí kankan láti yàn án.

Dídarí omi ọjọ́ gbígbẹ nìkan

Gọ́tà wà lọ́tọ̀, páìpù omi ẹ̀gbin wà lọ́tọ̀, a kàn so wọ́n pọ̀ níbì kan tí a lè ṣí, tí a sì lè tì. Ògiri kékeré kan, tí gíga rẹ̀ máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, ni a mọ sí ìsàlẹ̀ gọ́tà láti dá omi díẹ̀ tó ń ṣàn lọ́jọ́ gbígbẹ dúró. Àgbàrá òjò ní tirẹ̀ á fò ó kọjá lọ sódò bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Omi tí ògiri dá dúró á gba asẹ́ onírin, á bọ́ sínú kòtò tí iyanrìn ti ń rì, á sì ti ibẹ̀ wọ kànga pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù méjì ló yẹ kó wà nínú kànga náà, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́, kí èkejì wà ní ìmúrasílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, ẹ̀rọ ìwọnmi, fáàfù oníná, kó tó di máńhóòlù omi ẹ̀gbin.

Ká ní líta 1 ló ń ṣàn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nínú gọ́tà àdúgbò wa lọ́jọ́ gbígbẹ. 86,400 líta nìyẹn lóòjọ́, ó ju ìdámẹ́rin omi ẹ̀gbin ibẹ̀ lọ díẹ̀. Pọ́ǹpù tó lè gbé líta 3 ní ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó tóbi jù fún yín: á kàn máa tàn, á máa kú, ẹ̀rọ iná rẹ̀ á sì jó kí ọdún tó yí po.

Ohun tó sọ ètò yìí di ètò ni bí ó ṣe ń tì. Ohun méjì ló yẹ kó lè ti fáàfù náà láì dúró de èèyàn: ẹ̀rọ tó ń wọn òjò, àti ẹ̀rọ tó ń wọn gíga omi nínú gọ́tà. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á ṣe é. Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a mọ̀ wà ní agbègbè Los Angeles: ìlànà ìmọ́tótó etíkun wọn ka ọjọ́ tí òjò bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ínṣì, ìyẹn nǹkan bí mìlímítà 2.5, àti ọjọ́ 3 tó tẹ̀lé e, sí ọjọ́ òjò. Ìlú tí òjò rẹ̀ ń rọ̀ léraléra ní láti wá òṣùwọ̀n tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fáàfù náà ò ní ṣí ní gbogbo àsìkò òjò.

Àwọn ohun tó ń bà á jẹ́ kò ṣòro mọ̀. Ọ̀rá àti okùn ike ń lọ́ mọ́ abẹ pọ́ǹpù. Ewé ń dí asẹ́ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò yẹn ni kí ẹ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó o, ẹ má dúró de ìparí oṣù. Tí kòtò iyanrìn bá kún dé ìdajì, iyanrìn ti ń wọ pọ́ǹpù nìyẹn. Fáàfù tó bá há ní ṣíṣí lọ́jọ́ òjò á jẹ́ kí omi ẹ̀gbin ru jáde láti inú máńhóòlù tó wà nísàlẹ̀ ìlú, kíákíá ni gbogbo ayé á sì mọ̀. Èyí tó bá há ní títì ló burú jù lójú tiwa, nítorí kò sí ẹni tó máa pariwo: omi á máa rọra ṣàn lọ sódò bó ṣe ń ṣe kí wọ́n tó náwó, oṣù mẹ́fà lè kọjá. Ẹ̀rọ ìwọnmi nìkan ló máa tú àṣírí rẹ̀. Tó bá ka òdo fún ọjọ́ méjì gbígbẹ léra, kí ẹnì kan lọ wò ó.

Ìṣòro mẹ́ta tún wà tí àwọn ayàwòrán ètò máa ń gbàgbé. Ní etíkun, ìgbà tí òkun bá kún, omi iyọ̀ lè gba ẹ̀yìn gọ́tà wọlé. Iyọ̀ náà kì í pa ibùdó ìtọ́jú lọ́jọ́ kan, àmọ́ ó ń ba omi àtúnlò jẹ́, yíyọ iyọ̀ sì wọ́n. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá ló ń mú un. Èkejì ni epo: tí táńkà bá ṣubú lójú títì, gbogbo epo rẹ̀ ti dorí kọ ibùdó ìtọ́jú. Ẹ gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì tí àwọn panápaná lè tẹ̀ kí fáàfù tì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ni òórùn, nítorí afẹ́fẹ́ inú páìpù omi ẹ̀gbin lè gba ọ̀nà tuntun yìí padà sí gọ́tà títì. Omi tó dúró nínú kọ́nà páìpù, bíi ti abẹ́ bésínì, ló ń dí i.

Níbi tí ó ti bá a mu, owó díẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní Orange County, California, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í darí omi gọ́tà ọjọ́ gbígbẹ sí ibùdó omi ẹ̀gbin ní ọdún 1999, nígbà tí ìdọ̀tí lé àwọn èèyàn kúrò ní etíkun Huntington Beach. Ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀gbin ibẹ̀ fi ìwọ̀n sí i: kò gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù 10 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́ lọ. Omi tí wọ́n bá fọ níbẹ̀ tún ń lọ sí ètò ìsọdọ̀tun tí wọ́n ṣí ní 2008, èyí tó ń sẹ́ ẹ títí yóò fi mọ́ bí omi mímu, tí wọ́n á sì dá a padà sínú ilẹ̀. Ní 2023, wọ́n mú agbára ètò yẹn dé mílíọ̀nù 130 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́. Omi tí ẹnì kan fi fọ mọ́tò ti di ara omi tí ìlú ń fà mu.

Kíkó o pamọ́, ká wá tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀

Tí òjò fúnra rẹ̀ bá ni ìṣòro, ó di dandan ká kó o pamọ́ kí ibùdó ìtọ́jú tó gbà á. Nínú àdúgbò wa, kíkó mìlímítà 10 àkọ́kọ́, tó jẹ́ èyí tó dọ̀tí jù, gba táǹkì 800,000 líta: mítà 20 ní gígùn, mítà 16 ní fífẹ̀, mítà 2.5 ní jíjìn. Tí a bá fẹ́ tú u tán láàárín wákàtí 24, líta 9 ó lé ní ìṣẹ́jú àáyá ni. Tó bá jẹ́ wákàtí 48, ó ku nǹkan bíi líta 4.6, ìyẹn náà sì ṣì ju omi ẹ̀gbin gbogbo àdúgbò lọ. Ẹ rí i pé táǹkì kì í ṣe idán. Kò sọ omi di kékeré, ó kàn ń ra àkókò fún yín. Ibùdó tí kò ní àyè lóru, táǹkì kò ní fún un láyè.

Ìlú ńlá ló ń ṣe é ní ìwọ̀n ńlá. Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1975. Ihò náà gùn tó nǹkan bí kìlómítà 176, ọdún 2006 ni wọ́n parí rẹ̀, tí iṣẹ́ sì tún ń lọ lórí àwọn kòtò ńláńlá tó ń gba omi rẹ̀. London parí síso ihò kìlómítà 25 tirẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ojú ìtúmi tí wọ́n ṣètò fún un ní 2025. Ìlú tí kò lè dúró fún ogún ọdún, kó má tọ ọ̀nà yẹn.

Táǹkì kékeré ní àdúgbò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ ọn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń rì sísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ táǹkì gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí apá kan, kí ohun kan sì wà tí yóò máa fọ̀ ọ́: agbada onírin tó ń kún, tó sì ń dojú dé fúnra rẹ̀ rọrùn, kò sì lo iná. Omi tí a kò tíì yọ pàǹtí àti iyanrìn rẹ̀, tó bá pẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ nínú rẹ̀, á máa rùn. Bí òjò kejì bá dé kí ti àkọ́kọ́ tó tán, ó dà bíi pé kò sí táǹkì rárá. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀, láìní okùn lára, àti láìsí ẹni tó ń dúró lókè. Afẹ́fẹ́ inú irú táǹkì bẹ́ẹ̀ ń pani, ó sì tún máa ń pa ẹni tó sáré wọlé láti gbà á là.

Fífọ̀ ọ́ nítòsí, ká sì tún un lò

Èyí ló wu àwọn èèyàn jù. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ nìyí: asẹ́ ńlá fún pàǹtí, kòtò iyanrìn, ohun tó ń gba epo, táǹkì ìpamọ́, asẹ́ iyanrìn tàbí asẹ́ awọ (awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré gan-an), iná UV tó ń pa kòkòrò, klórínì díẹ̀ kí kòkòrò má bàa hù nínú páìpù, kó tó wá di pọ́ǹpù tó ń tì í lọ sí ilé. A ò gbọ́dọ̀ yí ètò yìí padà. Iná UV kò lè pa kòkòrò tó sá pamọ́ sẹ́yìn ẹrẹ̀, torí náà, omi tí asẹ́ ò tíì mú mọ́ kò gbọ́dọ̀ dé iwájú iná.

Ohun tó ń pa á kì í ṣe ẹ̀rọ, àìsí ẹni tó máa lo omi náà ni. Tó bá jẹ́ ọgbà nìkan la fẹ́ fi bomi rin, táǹkì á kún lásìkò òjò, ẹnikẹ́ni ò ní lò ó. Bó bá di ọ̀gbẹlẹ̀, táǹkì ti gbẹ. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló ń lo omi lójoojúmọ́. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń fi líta 30 fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì lóòjọ́, àdúgbò wa nílò 60,000 líta, táǹkì 800,000 líta yẹn á sì tó ọjọ́ 13. Àkókò ìpamọ́ tó nítumọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n páìpù kejì gbọ́dọ̀ wọ gbogbo ilé. Ní ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, kò le. Ní ilé tó ti wà, fífọ́ ògiri nìkan lè gba owó ju ibùdó lọ.

Páìpù kejì yẹn ló léwu jù. Ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, àwọ̀ elése-àlùkò ni wọ́n ń fi yà á sọ́tọ̀. Àwọ̀ nìkan ò tó. Kí ilé tó gba èèyàn, ẹ ti omi mímu pátápátá, ẹ wá ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí omi bá ṣì ń jáde níbi tó yẹ kó gbẹ, plọ́ńbà ti so méjèèjì pọ̀. Níbi tí omi mímu ti ń ran táǹkì àtúnlò lọ́wọ́ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ẹnu páìpù omi mímu gbọ́dọ̀ wà lókè omi táǹkì, kí àlàfo wà láàárín wọn, kí ohunkóhun má bàa fà á padà sẹ́yìn.

Santa Monica ní California ti ń fọ omi gọ́tà ọjọ́ gbígbẹ láti nǹkan bí ọdún 2001, tó nǹkan bí 500,000 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́, fún ọgbà àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló kọ́ni jù: wọ́n kọ́ ibùdó mìíràn sábẹ́ ilẹ̀ tó ń gba omi ẹ̀gbin àti àgbàrá pọ̀. Nígbà tí òjò ò bá sí, omi ẹ̀gbin, tí kì í tán, ló ń mú kí asẹ́ àti awọ rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Asẹ́ awọ tó bá gbẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí a bá ní kí òjò nìkan máa bọ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀, à ń ra wàhálà.

Jíjẹ́ kí ilẹ̀ mu ún

Ọ̀nà yìí kò ní fáàfù, kò ní iná, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ níbi tó bá ṣeé ṣe. Koríko àti ilẹ̀ tí a pò mọ́ iyanrìn àti ewé jíjẹrà ni a fi ń kún kòtò tí kò jìn, tí àgbàrá á wọ̀. Ó sábà máa ń gba bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tó ń da omi sí i. Nínú àpẹẹrẹ wa, mítà onígun mẹ́rin 5,000, ó sì dára kó fọ́n káàkiri ju kó wà lójú kan lọ.

Ìdánwò ilẹ̀ rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ. Ẹ gbẹ́ ihò sẹ̀ǹtímítà 30 níbi tí ìsàlẹ̀ kòtò máa wà, ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ tán, ẹ tún un kún, kí ẹ wá fi rúlà wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan. Ìgbà kejì yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́, torí pé ilẹ̀ gbígbẹ máa ń purọ́. Tí kò bá tó mìlímítà 13 ní wákàtí kan, amọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ nílò páìpù onihò lábẹ́ kòtò náà. Ẹ jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé ní mítà 3 ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ kòtò sì ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ ní mítà 1, ó kéré tán. Ilé epo, ilé mẹkáníìkì àti ibi tí wọ́n ń kó kẹ́míkà sí, ẹ má ṣe darí omi wọn síbẹ̀.

Ohun tó ń pa àwọn kòtò wọ̀nyí jù ni ẹrẹ̀ àwọn kọ́lékọ́lé. Tí wọ́n bá gbẹ́ kòtò kí ilé tó parí, àgbàrá á kó ẹrẹ̀ bò ó, á sì di bíi kọnkéré. Ìkẹyìn ni kí ẹ ṣe é.

Ilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí a kì í rí. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní 6PPD-quinone, tó ń wá láti ara táyà, ló ń pa ẹja salmon irú coho nínú odò ìlú. Àgbàrá kan náà, tí wọ́n bá jẹ́ kó gba inú ilẹ̀ iyanrìn àti ewé jíjẹrà kọjá, kì í pa ẹja náà mọ́. Ní Salisbury, lẹ́bàá Adelaide ní Ọsirélíà, àbàtà tí wọ́n gbin koríko odò sí ló ń fọ àgbàrá kí wọ́n tó tì í wọ inú àpáta abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n á sì fà á jáde lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Singapore gba ọ̀nà mìíràn: ìdámẹ́ta méjì ilẹ̀ rẹ̀ ló ń da àgbàrá sínú adágún omi mímu, Marina Barrage tí wọ́n parí ní 2008 sì wà lára rẹ̀. Ìyẹn ṣeé ṣe nítorí pé omi ẹ̀gbin wọn wà lọ́tọ̀ pátápátá. Ìlú tí ìgbẹ́ ń wọ gọ́tà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Tí a bá to owó wọn, kòtò koríko àti ìdarí omi ọjọ́ gbígbẹ ló rọrùn jù. Ibùdó àtúnlò tẹ̀ lé wọn. Táǹkì ńlá àti ihò abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbowó jù. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́ ni a fi tò wọ́n, kòtò koríko ṣì ni àkọ́kọ́, nítorí ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Èyí tó ní fáàfù ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lábẹ́ ilẹ̀.

Ìlú etíkun tó ní gọ́tà àti páìpù omi ẹ̀gbin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ gùn, tí ibùdó rẹ̀ sì láyè: kó mú ìdarí omi ọjọ́ gbígbẹ, kó fi kòtò koríko kún un fún òjò. Ìlú àtijọ́ tó ní páìpù kan: kòtò koríko àti táǹkì àdúgbò lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ihò ńlá. Ilé tuntun tàbí ọgbà yunifásítì tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀: àtúnlò, kí páìpù kejì sì ti wọ ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn, tí kò sí òṣìṣẹ́ tó máa wá lóṣooṣù: ilẹ̀ nìkan, kí wọ́n má ra pọ́ǹpù kankan.

Ibi tí kò sí ibùdó omi ẹ̀gbin rárá, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní sòkàwéè tirẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n máa darí àgbàrá sí. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ so omi òrùlé mọ́ sẹ́fútíìkì táǹkì: òjò á ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ jáde sí sòkàwéè, sòkàwéè á dí, ìgbẹ́ á sì máa ru sójú ilẹ̀. Páìpù òrùlé sí kòtò koríko tàbí sí táǹkì, ó parí.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń yún un láti buwọ́ lùwé, kó kọ́kọ́ béèrè ohun méjì. Kí ibùdó ìtọ́jú fi ìwé iye omi tó wọlé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan hàn, ti ọjọ́ tí òjò pọ̀ jù ní ọdún tó kọjá, kì í ṣe ti oṣù lápapọ̀. Kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìwọnmi sí ẹnu gọ́tà náà fún ẹ̀ẹ̀rùn kan àti àsìkò òjò kan, kí wọ́n tó ya páìpù kankan.